Ìyá Ṣéènì Kò Búra

Àwọn ọmọkùnrin tó ń gun alùpùpù ní Nyohini, àdúgbò wa ní Tàmalé ní Gánà, kò mọ̀ pé Sàlámátù ni orúkọ ìyá ìyá mi. Ìyá Ṣéènì ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, nítorí pé ṣéènì alùpùpù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọjà kí wọ́n tó fi táyà, púlọ́ọ̀gì àti bíréèkì kún un. Àwa ọmọ ilé ń pè wọ́n ní Ìyá Àgbà. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lórí àga onígi, wọ́n á máa wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò yára. Ẹni tó bá wá ra ọjà, Dàgbánì, èdè ìlú náà, ni wọ́n ń fi dá a lóhùn; ẹni tó bá wá bá wọn ṣeré, Haúsá; ẹni tó bá wá bá wọn jà, Yorùbá ni, yálà ó gbọ́ tàbí kò gbọ́.

Ìyá Àgbà kò gbà pé Ọlọ́run wà. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń yọ́ sọ nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àrùn inú ìdílé. Èdè wa kò ní orúkọ rere fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kèfèrí ni Yorùbá inú Zóńgò, àdúgbò àwọn àjòjì Mùsùlùmí, ń wí, káfírì ni Haúsá ń wí, orúkọ kan náà la sì fi ń pe ìkà, olè àti ẹni tó lu ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà kò jalè, wọn kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìrun. Tí àkókò ìrun bá bá oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á bu omi sínú bútà fún un, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á sì bá a ṣọ́ bàtà. Tó bá ti ń dìde láti kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n á ní, "Bá mi kí i, tó bá wà."

Gbogbo èèyàn ló ń wá ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní ikú ọkọ wọn ló fà á. Bàbá àgbà mi, ọmọ ẹ̀yà Dàgọ́ńbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kú lójijì nígbà tí ìyá mi ṣì kéré. Àwọn mìíràn ní ìwé òyìnbó ló kó sí wọn lórí, bẹ́ẹ̀ Ìyá Àgbà kò ka ìwé òyìnbó ju èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí ọjà lọ. Pásítọ̀ kan láti Kalpohin jókòó tì wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo jókòó, mo ronú, mi ò rí i. Ọkọ mi wà láàyè nígbà náà. Mo sọ fún un, ó ní kí n ṣáà máa se oúnjẹ."

Pásítọ̀ mi orí, ó ní ọgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọkàn wọn. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Ọgbẹ́ ni wọ́n ń wá, Ráfátù. Tí n bá ní ọgbẹ́, wọ́n á ráyè dárí jì mí."

Kì í ṣe pé wọn kò mọ ẹ̀sìn. Àáfà láti Ìlọrin ni bàbá wọn, ó wá sí Tàmalé láyé òyìnbó, ó sì ń kọ́ ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi nínú àgbàlá. Àwọn ọmọkùnrin ló ń jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà wà, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n sì ń fi etí gbé e. Wọ́n gbé e débi pé nígbà tí àbúrò wọn, Sànúsí, di Àáfà ńlá tó ń ṣe wàásù káàkiri, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà nìkan ló kù tí wọ́n ti ń tún kéwú wọn ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Àáfà Sànúsí á wá, àwọn méjèèjì á jọ jẹ tùwó pẹ̀lú ọbẹ̀ àyòyò, ìyẹn ewédú, Àáfà á sì máa ké Kùránì. Tí Àáfà bá fo ọ̀rọ̀ kan, Ìyá Àgbà á fi ṣíbí kan abọ́, wọ́n á ní, "Padà sẹ́yìn." Àáfà á padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ìjà á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó báyìí tí ẹ kò gbà á gbọ́?"

"Ìwọ ńkọ́, tí o gbà á gbọ́ tí o kò mọ̀ ọ́n?"

Àáfà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń jà nìyẹn, kí wọ́n sì jọ fọwọ́ bọ abọ́ kan náà.

Nínú oṣù ààwẹ̀, Ìyá Àgbà ló ń po kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, tí ìdajì àdúgbò fi ń ṣínu. Ìyá Àgbà fúnra wọn kì í gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n inú yàrá ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù àwọn èèyàn ló ń bà wọ́n. Ìyá Àgbà wò mí bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. "Ẹni tí ebi ń pa, èèyàn kì í jẹun lójú rẹ̀. Kí ni Ọlọ́run ń wá nínú ìyẹn?"

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìwà ọmọlúàbí gbà pé Ọlọ́run nìkan ló wà nínú ìyẹn. Ó sọ fún kíláàsì wa lọ́jọ́ kan pé ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ kò ní ẹ̀rí ọkàn, pé irú wọn lè pa èèyàn kí wọ́n sì lọ jẹun. Mo nawọ́. Mo ní ìyá ìyá mi kò gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè pa adìyẹ, èmi ni mo ń bá wọn pa á. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí n kó ìwé mi jáde, kí n má ṣe padà wá àfi tí àgbàlagbà kan bá tẹ̀ lé mi.

Ìyá Àgbà tẹ̀ lé mi. Wọ́n wọ aṣọ àtàtà, wọ́n fi ìborùn borí, wọ́n kí tíṣà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀rù Ọlọ́run ni kì í jẹ́ kéèyàn pààyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Tí ẹ̀rù yẹn bá kúrò lára yín lónìí, ṣé ẹ máa pa mí?"

Tíṣà wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà sílẹ̀ o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ-ọmọ mi wà ní kíláàsì yín."

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi mọ́. Nítorí ohun kan wà tí mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Lọ́dọọdún, tí àkókò Háájì bá dé, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni àwọn ará àdúgbò tó ń lọ Mẹ́kà máa ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sí. Wọn kì í kó o fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọn kì í kó o fún ẹni tí wọ́n jọ ń kírun. Ìyá Àgbà á fi wọ́n kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á máa yí ká àwọn ilé náà, wọ́n á máa fún adìyẹ àwọn onílé lóúnjẹ. Mo bi Àlájà Mẹmúnà, aládùúgbò wa tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ìdí tí wọn kò fi kó tiwọn fún ìyàwó Ìmáàmù. Àlájà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Ìyá Ṣéènì kì í purọ́," ni Àlájà wí.

Gọ́tà ló gbé Ìyá Àgbà dé ọ̀rọ̀ ìbò. Gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ti dí, gbogbo ìgbà òjò ni omi ìdọ̀tí ń wọ yàrá àwọn èèyàn. Aṣojú wa nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí à ń pè ní asẹ́ńbìlì, kò bìkítà. Ìyá Àgbà kó àwọn ọmọ alùpùpù jọ, wọ́n fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà gbé àga wọn lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ náà, wọ́n jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọn kò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n ṣáà jókòó, títí ìjọba fi rán àwọn òṣìṣẹ́ wá da kọnkéré sí gọ́tà náà. Nígbà tí ìbò asẹ́ńbìlì sún mọ́, àwọn ọmọ alùpùpù ní Ìyá Ṣéènì ni àwọn fẹ́. Ìyá Àgbà kọ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò wá bẹ̀ wọ́n, Àlájà Mẹmúnà ló ṣáájú wọn. Ìyá Àgbà gbà nígbẹ̀yìn. Fọ́tò wọn wà lára ògiri, ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọdé ń kọrin orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tí kò gbà nínú wa pé wọ́n máa wọlé.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n pe àwọn tó ń du ipò náà sí pápá iléèwé kí ará àdúgbò lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìmáàmù jókòó síwájú, pásítọ̀ tó ń wá ọgbẹ́ lọ́jọ́sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Àáfà Sànúsí wà láàárín àwọn àgbà. Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ gọ́tà, wọ́n sọ̀rọ̀ omi, wọ́n sọ̀rọ̀ iná ojú títì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ló ń bá wọn du ipò náà. Ó dìde. Kò bi wọ́n nípa gọ́tà.

"Ìyá, tí ẹ bá wọlé, kí lẹ máa fi búra?"

Mo rí Àáfà Sànúsí tí wọ́n gbé ojú sókè, tí wọ́n ń fi ojú bẹ ẹ̀gbọ́n wọn. Ohun tó máa parí ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Kí Ìyá Àgbà ṣáà sọ pé Kùránì ni.

"Òfin ilẹ̀ yìí gbà kí n fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi jẹ́jẹ̀ẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Mi ò ní gbé ìwé kankan dání."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí ni?"

"Ọmọ Mùsùlùmí ni mí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ẹnì kan wà lókè tó ń gbọ́ ìbúra. Tí mo bá gbé Kùránì dání níwájú yín, irọ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín."

Ariwo sọ ní pápá. Ẹnì kan ń pariwo pé orílẹ̀-èdè Ọlọ́run ni Gánà. Ẹlòmíràn ní Ìyá Ṣéènì fẹ́ kó ègún bá àdúgbò. Pásítọ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run kò lẹ́tọ̀ọ́ láti darí àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀, Ìmáàmù sì ní àmín. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń jà lórí ariwo ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá Àgbà dúró wò wọ́n dáadáa. Bí a ṣe ń lọ sílé, wọ́n ní, "Ìjọba ò rí wọn parí ìjà. Èmi ni mo parí rẹ̀."

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìbò ó bẹ̀rẹ̀, Àlájà Mẹmúnà yọ́ wọlé wá láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè dìbò fún ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Kí ni màá wí lọ́run?"

"Ó dáa, Mẹmúnà. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ńkọ́? Òun nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Àlájà wo kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. "Ìyẹn," ni Àlájà wí, "ẹ máa bá mi tọ́jú rẹ̀."

Oníṣòwò sìmẹ́ńtì ló wọlé. Àwọn tó dìbò fún Ìyá Àgbà kò lè kún bọ́ọ̀sì kan. Lẹ́yìn náà ni ọjà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, nítorí pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ kiri pé bíréèkì tí kèfèrí bá tà kì í mú nígbà tí ewu bá dé. Ní òwúrọ̀ kan, a bá ọ̀rọ̀ náà, káfírì, tí àwọn ọmọ kan fi ọ̀dà pupa kọ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní lẹ́tà Lárúbáwá. Mo lọ bu omi pẹ̀lú kẹrosíìnì. Ìyá Àgbà ní kí n dúró. Wọ́n wo ìkọ̀wé náà títí, wọ́n mú ẹfun, wọ́n fi lẹ́tà kan sáàárín rẹ̀. "Wọ́n gbàgbé álífù. Tí ẹ bá máa bú mi, ẹ bú mi bó ṣe tọ́."

Èmi ni mo ń bínú. Mo ní kí a kó lọ sí Kpalsi, níbi tí ìyá mi kọ́lé sí. Ìyá Àgbà kọ̀. Wọ́n sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi, nígbà tí ìjọba ní kí àjòjì tí kò ní ìwé jáde ní Gánà. Bàbá wọn kó ẹrù padà sí Ìlọrin pẹ̀lú Sànúsí kékeré, ẹni tó jẹ́ pé ó dàgbà tán kó tó padà wá. Ìyá Àgbà nìkan ló kù, nítorí pé wọ́n ti fẹ́ Dàgọ́ńbà. "Nígbà yẹn, wọ́n ní n kì í ṣe ọmọ Gánà," ni Ìyá Àgbà wí. "Ní báyìí, wọ́n ní n kì í ṣe ọmọ Ọlọ́run. Ilé kan náà ni mo wà."

Àìsàn kíndìnrín ló pa wọ́n, lẹ́yìn tí èmi náà ti lọ́kọ tí mo sì ti bímọ. Àáfà Sànúsí ń wá sí ọsibítù lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, Àáfà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n funfun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ kálímà, ẹ jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ló wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè rí oorun sùn."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ pa wọ́n lórí bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. "Sànúsí, èmi ni mò ń kú, ìwọ lo ò rí oorun sùn."

Àáfà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kú. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ọ̀sán ni, oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ń wá iṣan lápá wọn, kò rí i, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra. "Sọ fún un kó má bẹ̀rù. Kó gbìyànjú apá kejì." Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Wọ́n pa ojú dé, èémí wọn ń rọra lọ sílẹ̀, ó sì dúró. Wọn kò wo òkè. Wọn kò sunkún. Wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a gbé wọn délé, àwọn aṣojú mọ́ṣáláṣí ti wà nínú àgbàlá. Wọ́n ní àwọn kò lè kírun sí kèfèrí lára, àti pé ilẹ̀ ìsìnkú Mùsùlùmí kì í ṣe ti ẹni tó kọ Mùsùlùmí sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú kò wá. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú bá òkú nílẹ̀. Ìgbà náà ni Àáfà Sànúsí dìde.

"Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi," ni Àáfà wí. "Wọ́n sọ kálímà sí mi létí kí ẹ̀mí tó bọ́."

Àlìhámúdùlílàhì gba gbogbo ilé. Mo la ẹnu, ìyá mi sì di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí ó fi dùn mí. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wẹ òkú fi dé, Àlájà Mẹmúnà wà lára wọn, ojú wọn ti wú fún ẹkún. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì rán màlúù wá. Èrò tó tẹ̀ lé òkú náà dí títì pa. Mo rí gbogbo àwọn tí kò dìbò fún wọn, mo rí àwọn ọmọ tó kọ ìkọkúkọ sára ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ń du ibi tí wọ́n máa fi èjìká sí lábẹ́ àga tí a fi gbé òkú. Ẹni tí kì í purọ́ ni wọ́n gbé lọ, irọ́ ni wọ́n sì fi dì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìmáàmù fi ikú Ìyá Àgbà ṣe wàásù, gbohùngbohùn sì gbé e dé ilé wa. Wọ́n ní ìyá kan wà ládùúgbò yìí, ó gbéra ga sí Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ikú dé, ó sunkún, ó gbọ̀n, ó sì ronú pìwà dà. Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó lè dá dúró láìsí Ọlọ́run, ì báà ṣe ẹni kan, ì báà ṣe orílẹ̀-èdè. Pásítọ̀ náà gbọ́ ìtàn yìí, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.

Sàkínà, ọmọ mi obìnrin, ti ilé kéwú dé. "Mámà, ṣé òótọ́ ni pé Ìyá Àgbà sunkún nígbà tí wọ́n fẹ́ kú? Wọ́n ní ká máa rántí rẹ̀ tí a bá ń gbéra ga."

Mo wọ bàtà, mo lọ bá Àáfà Sànúsí. Àáfà nìkan ló wà lórí ẹní, kò sí abọ́ tùwó níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ kò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Wọn kò sọ kálímà."

"Wọn kò sọ ọ́. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi." Àáfà nu ojú wọn. "Ráfátù, Ọlọ́run mọ̀ pé wọn kò sọ ọ́. Èmi àti ìwọ mọ̀. Àwọn èèyàn nìkan ni kò mọ̀, àwọn èèyàn ló sì ni ilẹ̀ ìsìnkú."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nígbà náà. Wọ́n ń sọ fún ọmọ mi pé ìyá mi àgbà gbọ̀n."

"Tí mo bá sọ ọ́, ta ló mọ ohun tí àwọn ọmọ yẹn lè ṣe sí sàréè wọn?" Àáfà na ìka sí mi. "Kọ ọ́, ìwọ tó mọ̀wé. Kọ ọ́ pé mo purọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rù kò bà wọ́n."

Mo ti kọ ọ́. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Tàmalé ń gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kà.

Nígbà tí mo ti ọ̀dọ̀ Àáfà dé, mo pe Sàkínà jókòó. Mo sọ bí ìyá ìyá mi ṣe kú fún un, mo sọ ohun tí wọ́n wí fún nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní ilé kéwú.

"Ṣé irọ́ ni?" ló bi mí.

"Rárá," ni mo wí. "Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."